Kí ló dé tí Ouattara fi ń wá iná lábẹ́ òkun àti lójú oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà?

Bí ìjọba Côte d'Ivoire ṣe ń fa gáàsì jáde lábẹ́ òkun, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2030, omi odò, oòrùn àti àwọn nǹkan mìíràn tí kì í tán ni yóò máa pèsè ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún iná mọ̀nàmọ́ná orílẹ̀èdè náà.

Ààrẹ Alassane Ouattara, tó ti wà lórí àlééfà láti ọdún 2011, fọwọ́ sí ọ̀nà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kan àwọn orílẹ̀èdè mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà, torí Côte d'Ivoire máa ń ta iná fún wọn.

Ibo ni iná Abidjan ti ń wá?

Gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Páìpù ń gbé e láti inú òkun wá sí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá bíi Ciprel ní Vridi àti Azito ní Yopougon.

Ìsédò ló tẹ̀lé e. Èyí tó wà ní Soubré, lórí odò Sassandra, tí Ouattara ṣí lóṣù Kọkànlá ọdún 2017, lè mú megawáàtì 275 jáde.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021?

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná lò ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Òjò ò tó, omi inú ìsédò lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ sì tún bàjẹ́ ní Azito.

Fún ẹni tó ń ta ẹja inú fíríìjì tàbí tó ń ránṣọ, wákàtí mélòó kan láìsí iná ti tó láti ba ọjà jẹ́ tàbí kó dá iṣẹ́ dúró.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Eni, ilé iṣẹ́ epo ilẹ̀ Italy, kéde pé òun ti rí epo àti gáàsì rẹpẹtẹ lábẹ́ òkun Côte d'Ivoire. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Baleine, ìyẹn àbùùbùtán lédè Faransé. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, gáàsì rẹ̀ sì ń wá sílé fún iná.

Eni ní òun ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà tí èéfín ibẹ̀ kò fi ní ju èyí tí òun ń dí níbòmíì lọ. Àmọ́ ìṣirò yẹn ò ka èéfín tó máa jáde nígbà tí àwọn tó ra epo náà bá sun ún.

Ṣé atẹ́gùn ojú òkun ò lè ṣe é ni?

Denmark ló kọ́kọ́ to ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo atẹ́gùn pọ̀ sójú òkun, lọ́dún 1991. Àmọ́ atẹ́gùn òkun àríwá Yúróòpù le, omi ibẹ̀ ò sì jìn púpọ̀.

Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, atẹ́gùn kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Níwájú Abidjan, ọ̀gbun ńlá kan tún wà lábẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Trou-sans-Fond, ìyẹn ihò tí kò nísàlẹ̀. Òkun ti ń jìn láti ìtòsí etíkun, owó gọbọi ni yóò sì ná ẹni tó bá fẹ́ ri ẹ̀rọ mọ́ irú ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi kọjú sí ibòmíràn. Ní Boundiali, lápá àríwá, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná oòrùn ńlá àkọ́kọ́ ní orílẹ̀èdè náà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú megawáàtì 37.5. Ètò wà láti tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó sórí omi ìsédò Kossou. Nítòsí Aboisso, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fẹ́ máa fi mú iná jáde.

Kí ló kù báyìí?

Oòrùn ń wọ̀ nírọ̀lẹ́, àsìkò tí àwọn èèyàn ń tan iná jù sì nìyẹn. Nítorí náà, ó dìgbà tí bátìrì ńlá bá wà kí pánẹ́ẹ̀lì tó lè dá ṣe é. Láìsí bátìrì, gáàsì tàbí omi ìsédò ni yóò máa gbà á lálẹ́.

Ohun tí àwọn aráàlú yóò máa wò ni bóyá owó tó ń wá láti inú òkun yóò kọ́ ohun tí yóò rọ́pò gáàsì lọ́jọ́ iwájú. Ìgbà mìíràn tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ ni wọn yóò mọ̀ bóyá ìlérí náà ti ń ṣẹ.