Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Jókòó Ti Ọlọ́jà? Bí Iṣẹ́ Kóòṣì Ṣe Dé Pobè àti Sakété

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin, nígbà tí oòrùn ti kọjá àtàrí tí àwọn elépo pupa sì ti ń kó garawa wọn jọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù funfun nigínnigín tẹ ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kóòṣì ni òun, pé iṣẹ́ òun ni láti máa tọ́ oníṣòwò sọ́nà kí òwò rẹ̀ lè búrẹ́kẹ́. Bàbá arúgbó kan wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará Sakété, ẹni tí ó ti ń ta epo láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Pobè gba Sakété lọ sí Àjàṣẹ́. Ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì ní: “Ọmọ mi, ṣé ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ ọwọ́ wa láìgba kọ́bọ̀ ni wọ́n wá ń tà fún wa yìí?”

Ọ̀rọ̀ Bàbá kò jẹ́ kí n sinmi, n kò sì gbé e jù sílẹ̀ títí mo fi wádìí rẹ̀ dé ibi tí agbára mi mọ.

Èyí tí mo rí kà nínú ìwé ìtàn kò gùn: ní abúlé Kocs ní ilẹ̀ Họ́ńgárì ni wọ́n ti ń kan irú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, orúkọ abúlé di orúkọ kẹ̀kẹ́, nígbà tí ó sì di nǹkan bí 1830 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford fi orúkọ kẹ̀kẹ́ náà pe olùkọ́ tí ń gbé wọn la ìdánwò já, ó di orúkọ ẹni tí ń kọ́ eléré ìdárayá, títí Timothy Gallwey, olùkọ́ tẹ́níìsì ní Amẹ́ríkà, fi kọ ìwé kan ní 1974 pé ọ̀tá tí ń bẹ nínú orí eléré le ju èyí tí ó dúró níwájú rẹ̀ lọ, tí John Whitmore, awakọ̀ ìdíje ará Ìlú Ọba, mú ìmọ̀ náà wọ ilé iṣẹ́ ńlá, tí Thomas Leonard ní Amẹ́ríkà dá ilé ẹ̀kọ́ kóòṣì sílẹ̀ ní 1992, tí ó sì dá ẹgbẹ́ wọn ti gbogbo àgbáyé, ICF, sílẹ̀ ní 1995, tí àwọn ará Faransé sì dá tiwọn ní 1996, ẹnu Faransé ni ọ̀rọ̀ náà sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tẹ́ Bàbá lọ́rùn. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tí í ṣe aránṣọ ní Pobè, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti kúnlẹ̀, tí wọ́n ti gba àdúrà, tí a ti da àtíkè sí wọn lórí, Bàbá tún tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú èrò. Ó ní ìdí epo ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin Sakété. Ó ní àgbà oníṣòwò a fún ọmọ ní garawa kan lórí àwìn, kò ní sọ iye tí yóò tà á, bí ọmọ bá pàdánù, àgbà kò ní pariwo, ìbéèrè ni yóò máa bi í: “Ìgbà wo ni o dé ọjà? Ta ni ó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn? Eélòó ni ẹni tí ó jókòó tì ọ́ tà á?” Títí ọmọ yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí owó gbà lọ.

Ìyá Aránṣọ kò gbà. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá tán kí ó tó já a nírọ́. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Owó ni ẹ̀yin fi ń kọ́ ọmọ. Ara ni àwa fi ń kọ́ ọ.” Ni ó bá sọ bí ọ̀gá tirẹ̀ ṣe rán apá ọ̀tún bùbá kan, tí ó fi apá òsì sílẹ̀ fún un, tí ó sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó rán apá náà, ẹ̀yìn di iwájú. Ọ̀gá rí i. Kò wí nǹkan kan. Ìgbà tí ó rán an tán ni ọ̀gá ní kí ó wọ bùbá náà, kí ó sì na ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ kò gòkè. Abíyá fún un pinpin. Ó bọ́ ọ, ó mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. “Láti ọjọ́ náà,” ni Ìyá wí, “ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi mọ́.”

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, n kò sì lè dá àgbà méjì lẹ́jọ́. Ohun tí mo lè fi kún un ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Lómè, ìtòsí wa níbí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn onímọ̀ kan, Michael Frese ará Jámánì wà lára wọn, kó 1,500 oníṣòwò kéékèèké jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó àti ìkọ̀wé òwò bí ti àtijọ́, wọ́n kọ́ àwọn kan bí ènìyàn ti í ronú ṣíwájú fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, wọn kò sì kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan kan. Èrè àwọn tí a kọ́ ní ìrònú ṣíwájú fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ti àwọn oníṣirò kò ju 11 lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀: lẹ́yìn tí kíláàsì tán, olùkọ́ a máa wá sí ìsọ̀ oníṣòwò lóṣooṣù fún oṣù mẹ́rin. Ó ń wá sí ìsọ̀! Àwọn kóòṣì tí mo ń rí nísinsìnyí, gbọ̀ngàn ilé ìtura ni wọ́n ń gbà fún ọjọ́ kan, wọ́n á gba sẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti wọkọ̀ padà sí Kútọnu láìmọ ojú àtẹ ẹni kan ṣoṣo. Ó dùn mí. Ìjọba Benin pàápàá, nígbà tí ó ṣe òfin ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ní 2005, kò gba ọmọ iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́, ó sì dá a padà sí ìdí ẹ̀rọ.

Ní ti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é, Bàbá ní bàbá òun ni ó sọ fún òun pé láti Sakété ni àṣà ìbéèrè yẹn ti wọ Pobè. Ìyá ní àwọn obìnrin Ọ̀họ̀rí ti ń ṣe é kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, pé ìyá ìyá òun ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, mo tún rí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́wù funfun náà. Orí bẹ́ǹṣì Ìyá Aránṣọ ni ó wà, ó ti ki àwọn ìwé rẹ̀ bọ àpò, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ kékeré kan lórí ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ. Ìyá kò gbójú sókè nígbà tí ó bi í pé, “Kí ni o rí?” Ó ṣì ń wò nígbà tí mo kọjá.