Bí A Ṣe Lè Há Jíìnì Mọ́ Inú Oko

Ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbin koríko pápá gọ́ọ̀fù kan tí wọ́n ti ki jíìnì bọ̀ lára kí oògùn apakoríko má baà ràn án. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọpa jíìnì náà, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2004 fi hàn pé atẹ́gùn ti gbé e, nínú lẹ́búlẹ́bú òdòdó, dé ara koríko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jìnnà tó kìlómítà 21.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó fẹ́ fi koríko ṣe epo ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ń yí àbùdá koríko kan tó ń jẹ́ switchgrass padà kó lè rọrùn láti sọ di epo ẹtanọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn náà ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ kiri. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹbí rẹ̀ wà káàkiri inú igbó. Tí jíìnì bá ti bọ́ sí àárín wọn, ta ni yóò ṣà á kúrò?

A lè ní ká gé koríko náà kó tó yọ òdòdó, nítorí ewé àti pòròpórò rẹ̀ la fẹ́, kì í ṣe èso. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn láti dúró dìgbà tó bá gbẹ, tí oúnjẹ inú ewé ti padà sí gbòǹgbò, kí wọ́n má baà ra ajílẹ̀ púpọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ìdènà sínú ewéko fúnra rẹ̀. Wọ́n lè sọ ọ́ di èyí tí kì í ní lẹ́búlẹ́bú rárá. Wọ́n sì lè fi jíìnì náà sínú chloroplast, ibi tí ewé ti ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, torí pé nínú ọ̀pọ̀ irúgbìn, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n akọ nìkan ni wọ́n sé mọ́lé. Lẹ́búlẹ́bú koríko igbó ṣì lè fẹ́ wọ inú oko, kó bá òdòdó abo pàdé, kí koríko oko sì so èso tó ní jíìnì náà nínú. Ẹyẹ tàbí àgbàrá òjò á gbé èso yẹn jáde.

Lójú tèmi, koríko tó ní ẹbí nínú igbó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ olùwádìí àyàfi tí a bá dí ọ̀nà lẹ́búlẹ́bú àti ti èso pọ̀. Ó ṣeé ṣe. Koríko Miscanthus ńlá tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù kì í so èso tó lè hù, nítorí ìdì mẹ́ta kúrómósómù, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì, ló ní dípò méjì. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn, bí a ti ń gé ebu iṣu. Ó ń náni lówó ju fífọ́n irúgbìn lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ta epo koríko ti ṣírò owó yẹn mọ́ iye epo rẹ̀ kó tó kọ ebè àkọ́kọ́.