Ìgbà wo ni ọmọ máa ń mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí?

Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, kì í ṣe ohùn àti ara rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Ọkàn rẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ẹlòmíràn lọ́nà tó ju ti ọ̀rẹ́ lásán lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ọkàn wọn ń fà sí obìnrin, tí ti obìnrin náà sì ń fà sí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé akọ tàbí abo ẹgbẹ́ wọn ni ọkàn wọn ń fà sí, tàbí méjèèjì.

Gary Remafedi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èyí ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1992. Akẹ́kọ̀ọ́ 34,706 ló dáhùn ìbéèrè wọn. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 12, nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tíì dá ara wọn lójú. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 17, ìdá 5 péré ni. Èyí fi hàn pé bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni iyèméjì ń dín kù.

Lọ́dún 1989, Richard Troiden, onímọ̀ nípa àwùjọ, pín ìrìn àjò náà sí ìpele mẹ́rin. Ọmọ yóò kọ́kọ́ rí i pé òun yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òun. Ọkàn rẹ̀ yóò wá dàrú. Lẹ́yìn náà ni yóò gba orúkọ kan fún ara rẹ̀. Níkẹyìn, yóò fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń tọ ọ̀nà yìí tààrà. Lisa Diamond tẹ̀lé irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ 79 fún ọdún mẹ́wàá. Èsì tó gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló yí orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn padà, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan òbí gbọ̀ngbọ̀n ni ìwádìí Caitlin Ryan ní California, èyí tó jáde lọ́dún 2009. Ọ̀dọ́ 224 tó wà láàrin ọdún 21 sí 25 ló bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹbí wọn kọ̀ gidigidi nígbà ọ̀dọ́langba ló ti gbìyànjú láti pa ara wọn jù. Tí àwọn tí ẹbí gbà mọ́ra kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí náà, òbí tí ọmọ rẹ̀ bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, kó kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.