Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Akọni Inú Ìwé Àwòrán Ṣe Wọ Ogun Àgbáyé Kejì

Nígbà tí ọdún 1940 ń parí lọ, tí ogun ti gbóná ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣùgbọ́n tí Amẹ́ríkà kò tíì dá sí i, ìwé kan jáde ní New York tí ó kó àwọn akọni inú oríṣiríṣi ìwé jọ sí ojú kan. Ìwé àwòrán, èyí tí í ṣe ìtàn tí a fi àwòrán tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì wà nínú òbìrìkítí kéékèèké lókè orí wọn, ti gbòde kan láti ìgbà tí Superman ti yọjú ní 1938, ṣùgbọ́n olúkúlùkù akọni ni ó ń dá jà nínú ìtàn tirẹ̀. Ìwé kẹta nínú ọ̀wọ́ All Star Comics, tí Gardner Fox kọ, tí Sheldon Mayer sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, ni ó dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Justice Society of America.

Ọjà títà ni ó bí ẹgbẹ́ náà, kì í ṣe ogun. Ilé ìtẹ̀wé méjì tí ń ṣe àjọṣe, National àti All-American, ni wọ́n fa àwọn akọni wọn kalẹ̀, lára wọn ni Flash, Green Lantern, Hawkman àti Doctor Fate, kí ẹni tí ó ra ìwé kan ṣoṣo lè rí ọ̀pọ̀ akọni, kí ó sì lọ wá ìwé mìíràn tí èyí tí ó wù ú wà nínú rẹ̀. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ṣe òfin pé akọni tí ó bá ti ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ yóò di ọmọ ẹgbẹ́ àpọ́nlé, tí kì í sábà kópa nínú ìtàn ẹgbẹ́, bí Superman àti Batman ti jẹ́. Nínú ìwé àkọ́kọ́ yìí, wọ́n jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká, olúkúlùkù sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ayàwòrán tí ó ni akọni kọ̀ọ̀kan ni ó ya ìtàn rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ìyàwòrán ń yí padà bí ẹnìkan ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì. Àgbájọ ọwọ́ tí a fi ń sọ àyà kò tíì sí níbẹ̀.

Nínú ìwé kẹrin, ní 1941, ni ìjọba pè wọ́n sí Washington, tí ó rán wọn káàkiri láti gbógun ti àwọn amí ilẹ̀ òkèèrè. Ní àsìkò yẹn kan náà, Joe Simon àti Jack Kirby, ọmọ Júù méjèèjì, ti gbé Captain America jáde ní ilé ìtẹ̀wé Timely, tí ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá Hitler lẹ́nu lójú ìwé àkọ́kọ́, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì bá Jámánì jà. Ìgboyà ni èyí, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀, nítorí àwọn tí ó fara mọ́ Násì wà ní New York gan-an. Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1941, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Justice Society wọṣẹ́ ológun nínú ìwé kọkànlá, orúkọ wọn sì di Justice Battalion.

Níbí ni ìṣòro tó le jù ti dé. Ẹni tí ó lè gbé òkè ńlá yẹ kó lè parí ogun ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tòótọ́ ń kú lójoojúmọ́. Ìwé ìròyìn Look ti gbé ìtàn kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940, níbi tí Superman ti gbá Hitler àti Stalin mú, tí ó sì kó wọn lọ jẹ́jọ́ ní Geneva, ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ mọ́ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun. Ọgbọ́n tí àwọn òǹkọ̀wé dá ní 1942 ni pé Clark Kent, tí í ṣe Superman nínú aṣọ ará ìlú, lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun, wọ́n ní kí ó ka lẹ́tà ara ògiri láti dán ojú rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ tí ó ń ríran kọjá ògiri sì ka ti yàrá kejì, ni wọ́n bá lé e padà.

Roy Thomas, tí a bí ní 1940, tí ó sì ti ṣe olùkọ́ rí, ni ó padà sí ọ̀ràn yìí pẹ̀lú ìfẹ́ tí ó ní sí àwọn ìwé ìgbà èwe rẹ̀. Ó kọ The Invaders ní 1975, tí ó kó Captain America, Human Torch àti Sub-Mariner jọ láti bá Násì jà, ó sì bẹ̀rẹ̀ All-Star Squadron ní 1981, níbi tí Ààrẹ Roosevelt ti pe gbogbo akọni jọ. Ìdáhùn tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ tí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Kristẹni sọ pé ó gún ìhà Jésù: bí ọ̀kọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ Hitler, akọni tí ó ní agbára idán, tàbí tí idán lè ràn, Superman pẹ̀lú, yóò di ẹrú rẹ̀ bí ó bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso. Báyìí ni ogun inú ìwé fi di ti àwọn ọmọ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lóòótọ́, ó sì ń fi ẹ̀sọ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọ̀wọ́ náà parí ní 1987 lẹ́yìn ìwé 67, ìtàn rẹ̀ kò tíì kúrò ní ọdún 1942.