Odó Ni Eyín Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ti la inú adìẹ rí ní ìdáná ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń sunkún kọ́. Ó mọ iwe, ó mọ ẹ̀dọ̀, ó mọ ìfun tó gùn gbọọrọ. Ó mọ̀ pé òróòro kò gbọdọ̀ fọ́, torí bó bá fọ́ sára ẹran, kò sí ata tàbí iyọ̀ tó lè gba ọbẹ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí ìyá tó ń tún adìẹ ọdún ṣe yìí fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ wà, mi ò rò pé á yá a lára láti dáhùn. Tó bá di ti ara wa, inú la ń pe gbogbo rẹ̀. Inú ń run mí, inú mi kún, inú mi ń kùn. Ohun tí a mọ̀ lára adìẹ dáadáa yìí ló yẹ ká gbé wá sára ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí iwe bẹ̀rẹ̀. Adìẹ kò ní eyín. Àgbàdo tó ṣà jẹ ń lọ sísàlẹ̀ lódindi, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ṣà mọ́ ọn sì ń bá a lọ. Iwe, tí ẹran rẹ̀ yi tó sì lágbára, á wá fi àwọn òkúta náà lọ àgbàdo kúnná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń la iwe ká tó sè é, tí a ń fọ iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Ewúrẹ́ ní eyín ní tirẹ̀, àmọ́ ewéko le, ó sì máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìkánjú. Nígbà tó bá wá rí ibi ìbòòji dùbúlẹ̀ sí, á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á tún un jẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ni àpòlúkù rẹ̀ pín sí, bíi ti màlúù. Ṣàkì tí a ń rà lọ́wọ́ alápatà, ara ọ̀nà àkọ́kọ́ inú àpòlúkù màlúù ló ti wá. Ènìyàn kò ní iwe, àpòlúkù rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Eyín la fún un. Àwa ará Èkìtì wá fi odó kún un.

Mi ò fi èyí ṣàwàdà. Bí iṣu bá ń hó lórí iná, sítáàṣì inú rẹ̀ ń mu omi, ó ń wú, ó ń rọ̀. Ọmọ odó á wá gún un títí kò fi ní sí kókó kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ tí eyín ì bá ṣe lẹ́nu ti parí ní ẹ̀yìnkùlé kí a tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Nítorí náà la ṣe ń gbé iyán mì. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, ẹni tó bá ń jẹ iyán lẹ́nu wọ̀nwọ̀n, àlejò ni.

Àmọ́ lílọ oúnjẹ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ẹnu. Itọ́ tí ènìyàn ń ṣe lóòjọ́ tó lítà kan, ó tilẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, èròjà kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń gé sítáàṣì di ṣúgà. Ẹ fi iṣu sísè lásán dán an wò. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu láìgbé e mì, ẹ ó rí i pé adùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Òkèlè iyán kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, itọ́ kì í ráyè rẹ̀. Iṣẹ́ tí itọ́ kò rí ṣe ń bẹ nílẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ẹnu ni ọ̀fun. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí jọ pàdé níbẹ̀, ìdérí kékeré kan ló sì ń bo ọ̀nà èémí nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu lè kó ìdérí yìí sí wàhálà, ìyẹn ni pípá lórí. Láti ibẹ̀, òkèlè á wọ ọ̀nà ọ̀fun tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Kì í kàn já bọ́ o. Iṣan ara ọ̀nà yìí ló ń fún un lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé ẹni tó dorí kodò pàápàá lè gbé oúnjẹ mì.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìdodo ni àpòlúkù wà. Òkè rẹ̀ ló wà, lápá òsì, abẹ́ egungun ìhà ló sì fi ara pamọ́ sí. Omi kíkan kan wà nínú rẹ̀ tó lágbára gan-an. Omi yìí ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, ó sì ń bá èròjà mìíràn ṣiṣẹ́ láti tú ẹran àti ẹja palẹ̀.

Bí ènìyàn ṣe kọ́kọ́ fojú rí iṣẹ́ yìí jẹ́ ìtàn kan tí kò dùn mọ́ mi nínú tán. Ní oṣù kẹfà ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin. Dókítà ọmọ ogun kan, William Beaumont, ló tọ́jú rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà kò pa dé. Ihò kan ṣẹ́ kù tó já tààrà sínú àpòlúkù. Ni Beaumont bá ń so ẹran, búrẹ́dì àti ewébẹ̀ mọ́ okùn ṣẹ́dà, ó ń jù ú gba ihò náà wọlé, ó ń fà á jáde lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì láti wo ohun tó kù. Ó tún fa omi inú àpòlúkù náà sínú ìgò, ó ju ẹran sí i, ẹran náà sì ń yọ́ nínú ìgò bó ṣe ń yọ́ nínú ikùn. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1833, ìmọ̀ ìṣègùn sì jèrè púpọ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tálákà ni St. Martin, ọ̀dọ̀ dókítà yìí kan náà ló ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà kan ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ó padà sí Kánádà. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ó wà láyé títí di 1880, pẹ̀lú ihò náà níkùn.

Kí ló dé tí omi kíkan yìí kì í yọ́ àpòlúkù fúnra rẹ̀? Ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ló bo ara rẹ̀ nínú. Níbi tí ìbòra yìí bá ti fẹ́lẹ́ ni ọgbẹ́ inú ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ulcer. Lọ́dọ̀ wa, ebi la máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ọmọ náà kì í jẹun lásìkò ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà ló fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan, Helicobacter pylori, ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn kò fẹ́ gbà, Marshall mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ní 1984, inú rẹ̀ sì wú, ó ń bì. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ní kòkòrò yìí nínú láìní ọgbẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòkòrò yìí bá dá ọgbẹ́ sí nínú, oògùn tó ń pa kòkòrò ló yẹ kó lò, kì í ṣe kó kàn máa jẹun ní aago méje àárọ̀. Èyí tó fi dà bíi pé ebi ló fà á ni pé oúnjẹ máa ń pẹ̀tù sí omi kíkan fún ìgbà díẹ̀. Bí inú bá wá ṣófo, ìrora á padà.

Ohun kejì tó ń fa ọgbẹ́ inú wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Àgbẹ̀ tó ro oko láti òwúrọ̀ ní Èmùré, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, á ra oògùn ara ríro: diclofenac, ibuprofen tàbí aspirin. Á lò ó lónìí, á lò ó lọ́la, kò sì ní dá a dúró. Àwọn oògùn yìí ń dín ìbòra àpòlúkù kù. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú tí wọ́n sọ pé ebi ló fà á, inú páálí oògùn ló ti wá.

Láti inú àpòlúkù, oúnjẹ tó ti di ọ̀gì á máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ wọ ìfun kékeré. Ibi tí ìfun yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni dókítà ń pè ní duodenum, ibẹ̀ sì ni òróòro ń dà sí. Òróòro tí a ń bẹ̀rù ní ìdáná yìí ni èmi yóò fi joyè tó bá jẹ́ pé mo ní oyè tí mo lè pín. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Àpò kékeré kan lábẹ́ ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí oúnjẹ ọlọ́ràá yóò fi dé. Bí epo pupa àti ẹ̀gúsí bá wọlé, àpò náà á fún ara rẹ̀, òróòro á tú jáde, á sì tú ọ̀rá náà ká sínú omi kí ara tó lè rí i lò. Kíkorò tó korò yẹn kò dí i lọ́wọ́. Láìsí i, púpọ̀ nínú epo inú ọbẹ̀ á kàn gba inú wa kọjá wọ ìgbẹ́ ni.

Lẹ́yìn àpòlúkù, ẹ̀yà ara mìíràn tún wà tí a kì í sábà dárúkọ, torí kì í hàn dáadáa lórí tábìlì alápatà: páńkíríà. Òun ló ń rán omi tó ń pa kíkan oúnjẹ sí duodenum, òun náà ló ń rán èròjà tó ń parí iṣẹ́ tí itọ́ kò ráyè ṣe lórí iyán. Sítáàṣì iṣu á wá di ṣúgà wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Páńkíríà kan náà ló ń ṣe insulin, tí àìsí rẹ̀ ń fa ìtọ̀ ṣúgà.

Gígùn ìfun kékeré tó mítà 6 bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú. Nínú ẹni tó wà láàyè ó máa ń fún ara rẹ̀ jọ, kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gígùn rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ara rẹ̀ nínú ṣẹ́ po, ó sì hu nǹkan kéékèèké tó rọ̀ káàkiri. Bí a bá na gbogbo ìfun tán, fífẹ̀ rẹ̀ nínú tó yàrá kan tó jẹ́ mítà 5 sí mítà 6. Ibí ni oúnjẹ ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe inú àpòlúkù bí a ṣe rò. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé e kì í lọ sọ́kàn tààrà, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí. Ẹ̀dọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, á tọ́jú ṣúgà tó ṣẹ́ kù, á sì ṣiṣẹ́ lórí ọtí, oògùn àti àgbo. Ẹ wo bí àgbo àìmọ̀dí ṣe ń kọ́kọ́ ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ìfun kékeré Yorùbá ní àṣírí kan. Lọ́dún 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti tó di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ṣúgà inú wàrà ni wọ́n fún àwọn ènìyàn Nàìjíríà mu, wọ́n sì wo bóyá ó wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Àgbàlagbà Yorùbá tí ara rẹ̀ gbà á kò tó nǹkan rárá, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran gbà á láìsí wàhálà. Gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ní èròjà tó ń tú ṣúgà wàrà. Tiwa máa ń dín kù lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan ní Ìsẹ̀ bá mu ife mílíìkì ńlá kan tí inú rẹ̀ ń kùn, tó sì ń sáré lọ sílé ìgbẹ́, kì í ṣe aláìsàn. Bí inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láyé ṣe rí nìyẹn. Wàrà sísè tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà kì í sábà ṣe wá bẹ́ẹ̀, torí púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ.

Ìfun ńlá ni ariwo inú tó ń kùn yẹn ti ń wá. Gígùn rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa omi tó kù padà sára, kí ohun tó ṣẹ́ kù lè dì. Kòkòrò àìfojúrí tí kò lóǹkà ń gbé inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣe wá lóore. Ohunkóhun tí ìfun kékeré kò lè tú, bíi ṣúgà wàrà tàbí àwọn ṣúgà kan nínú ẹ̀wà, àwọn ni yóò jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni a ń sò.

Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ṣe ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín: ó ń wọn ìgbẹ́. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1972, ìgbẹ́ àwọn ará abúlé ní Áfíríkà wúwo ju ti àwọn ará Bìrìtìkó lọ, oúnjẹ sì ń yára gba inú wọn kọjá. Fáíbà ló gbà pé ó fà á, ìyẹn ara ewébẹ̀, èso àti ọkà tí inú wa kò lè tú. Iyán kò ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló ní in, nítorí náà ẹni tó bá ń bu ẹ̀fọ́ bíńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán ràgàjì ń ṣe ara rẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí tí a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà, inú líle àti ìgbẹ́ fífi ipá yà ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ yín ni pé tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má dúró sí "inú ń run mí." Ẹ fi ìka hàn án. Ìrora lókè ìdodo, láàárín, sábà máa ń jẹ́ ti àpòlúkù tàbí duodenum. Abẹ́ ìhà ọ̀tún, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, lè jẹ́ ti àpò òróòro. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nídìí ìdodo tó wá ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí èébì tàbí ibà sì tẹ̀ lé e, ẹ má mu nǹkan kan lé e: ó lè jẹ́ àpẹ́ńdísáìtì, ó sì lè bẹ́ sínú. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, bí ọ̀rọ̀ bá sì ju tiwọn lọ, wọ́n á darí yín sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó-Èkìtì. Ẹni tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́, ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, ẹni tó bì ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ọjà. Bákan náà ni ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú kirikiri tó sì ń lẹ̀, tí kì í sì í ṣe pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú rẹ̀, kódà bí kò bá dùn ún rárá, ọjọ́ náà ni kó lọ.