Kíka Ìbáwí Ẹ̀rọ: Àlàyé Lórí Àṣìṣe Ọ̀gbẹ̀rì Nínú Kíkọ Ètò Java



1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìdí tí mo fi dá a láṣà ni pé ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ èdè Java kò jìnnà sí ohun tí mo ti ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́ nínú iṣẹ́ tèmi. Wọn a kọ ètò wọn, ẹ̀rọ a dá a padà pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ mélòó kan, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí rẹ́, wọn a máa tún tọ̀hún kọ, láìka ohun tí ẹ̀rọ wí. Ẹlòmíràn a gbà pé òun kò ní orí ìmọ̀ ẹ̀rọ, a sì fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Èrò mi ni pé púpọ̀ nínú ìṣòro yìí kì í ṣe ìṣòro ìṣirò. Ìṣòro ìwé kíkà ni.

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni a ti dá èdè Java sílẹ̀, James Gosling sì ni aṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé e jáde fún aráyé. Bí èdè yòówù, Java ní ọ̀rọ̀, ó ní gírámà, ó sì ní ìtumọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àṣìṣe inú rẹ̀ sí. Èkínní ni àṣìṣe gírámà, tí kọ̀ǹpáílà ń mú. Kọ̀ǹpáílà ni ètò tí ń yẹ ohun tí a kọ wò, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Èkejì ni àṣìṣe tí ń yọjú lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ètò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀kẹta ni àṣìṣe ìtumọ̀, tí ẹ̀rọ kò ní sọ ohunkóhun lé lórí.

2. Àṣìṣe gírámà

Àwọn baba wa ní, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúwàbí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un, àbọ̀ náà ni yóò jẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Nínú Java, String ni orúkọ irú ohun tí a ń pè ní ọ̀rọ̀. Bí ọ̀gbẹ̀rì bá kọ string, kọ̀ǹpáílà yóò dáhùn pé: cannot find symbol. Ìyẹn ni pé, òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ orúkọ yẹn. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Ọkọ tí ó gbé obìnrin níyàwó kì í ṣe ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a ti ń ṣọ́ àmì ohùn ni kí a máa ṣọ́ lẹ́tà ńlá nínú Java. Bí ẹ̀rọ bá kọ cannot find symbol, ẹ ka àwọn ìlà tí ó tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń dárúkọ ohun tí kò rí gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ óò rí i pé bí a ṣe kọ orúkọ náà níbi tí a ti dá a sílẹ̀ yàtọ̀ sí bí a ṣe kọ ọ́ níbi tí a ti pè é.

Àkámọ́ ni ó tún kàn. Ní ọdún 2015, Amjad Altadmri àti Neil Brown ti Yunifásítì Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ìgbà mílíọ̀nù 37 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún kọ̀ǹpáílà ní ètò Java láti yẹ̀ wò. Àkámọ́ tí a ṣí tí a kò pa dé, tàbí tí kò bára mu, ni ó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí wọ́n kà. Bí a bá gbàgbé àkámọ́ } kan, ẹ̀rọ yóò kọ reached end of file while parsing, yóò sì nawọ́ sí ìlà tí ó kẹ́yìn ètò. Ìlà yẹn kò ṣẹ̀ rárá. Ibi tí ó ti tán ni ẹ̀rọ tó mọ̀ pé nǹkan kò pé. Ohun tí ó ń wí ni pé, "Mo ka ọ̀rọ̀ yín títí, n kò gbọ́ òpin rẹ̀." Ohun tí ó dára ni kí a kọ àkámọ́ ìparí ní kété tí a bá ti kọ ti ìbẹ̀rẹ̀, kí a tó wá kún àárín wọn.

Òfin kan wà tí ó borí gbogbo ìwọ̀nyí: àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Sẹmikólọ̀nù tàbí àkámọ́ kan tí ó sọnù lè bí ẹ̀sùn mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti tún ti òkè ṣe, ẹ fún kọ̀ǹpáílà ní ètò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù lè ti parẹ́.

3. Àṣìṣe tí ń yọjú lẹ́nu iṣẹ́

Gírámà lè pé kí iṣẹ́ má lè lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni a tò pamọ́. Ọ̀gbẹ̀rì a béèrè ìkarùn-ún pẹ̀lú nọ́ńbà 5, ẹ̀rọ a sì dá iṣẹ́ dúró pé: Index 5 out of bounds for length 5. Ohun tí ó fa èyí ni pé láti òdo ni Java ti ń ka ipò. Ẹni àkọ́kọ́ wà ní ipò 0, ẹni ìkarùn-ún sì wà ní ipò 4.

Ìkà tiwa yàtọ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjà tí a bá ná ní ọjọ́ Ajé, tí a tún ná ní ọjọ́ Ẹtì, ọjà ọrọọrún ni à ń pè é, nítorí pé a ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń fi kàlẹ́ńdà yọ ọjọ́ kúrò nínú ọjọ́ yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú ìkà méjèèjì, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan ka ọjà èkejì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń to àṣetúnṣe lẹ́sẹẹsẹ láti 0, àmì < ni kí ẹ fi dá a dúró ní iye ohun tí ẹ tò, kì í ṣe <=.

Àṣìṣe kejì tí ó gbajúmọ̀ ni NullPointerException. Orúkọ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń jẹ́ ẹ. A pè é, a sì rán an níṣẹ́. Ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà? Ní ọdún 1965 ni Tony Hoare fi irú orúkọ òfìfo báyìí sínú èdè ALGOL W. Ní ọdún 2009, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe tí ó ti náni ní bílíọ̀nù dọ́là. Láti Java 14, tí ó jáde ní ọdún 2020, ni àlàyé ẹ̀rọ ti lè sọ ohun tí ó ṣófo gan-an. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀ kíkún. Ó kù kí a kà á.

Bí a ó ti kà á nìyí. Ìlà òkè ń dárúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ at bẹ̀rẹ̀ wọn, ń sọ ipa ọ̀nà tí a gbà débẹ̀. Ẹ wá ìlà àkọ́kọ́ tí ó dárúkọ fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Nọ́ńbà ìwájú rẹ̀ ni ìlà tí ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

4. Àṣìṣe ìtumọ̀

Àṣìṣe yìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ẹ̀rọ kò ní bá wa wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 49 nínú ìdánwò kìíní, ó gba 50 nínú èkejì. Bí a bá kọ (49 + 50) / 2, Java yóò ní 49 ni. Òǹkà odindi ni a fún un, odindi ni ó sì dá padà. Ó ju ìdajì nù. Bí a tilẹ̀ kó èsì náà sínú double, 49.0 ni a óò rí, nítorí pé a ti pín in tán kí a tó gbé e síbẹ̀. Bí a bá fi 2.0 pín in ni 49.5 yóò jáde. Níbi tí a bá ti ń sún 49.5 lọ sí 50, ìdajì tí a jù nù yẹn ni ó já ọmọ ọlọ́mọ.

Ti òdì kejì rẹ̀ ni kí a kọ if (maaki >= 50); kí a sì fi sẹmikólọ̀nù parí ìlà náà. Sẹmikólọ̀nù ti pa gbólóhùn náà dé. Àṣẹ tí ó tẹ̀ lé e kò sí lábẹ́ àdéhùn mọ́, ẹni tí ó gba 12 pàápàá yóò yege.

Ẹ̀kẹta ni àmì ==. Bí a bá fi í sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ẹyọ kan náà ni wọ́n. Àṣẹ equals ni ó ń béèrè bóyá wọ́n rí bákan náà. Táyéwò àti Kẹ́hìndé lè jọra bí imú, síbẹ̀ ènìyàn méjì ni wọ́n. Ohun tí ń tan ọ̀gbẹ̀rì jẹ ni pé, bí a bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ètò lẹ́ẹ̀mejì, Java lè fi ẹyọ kan ṣoṣo pamọ́ fún méjèèjì, == a sì dà bí ẹni pé ó tọ̀nà. Ọjọ́ tí aṣàmúlò bá tẹ ọ̀rọ̀ náà láti orí kíbọ́ọ̀dù ni àṣírí yóò tú.

Ó tún ku èyí tí ó kan àwa Yorùbá gan-an. A lè fi lẹ́tà ẹ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà bí àmì kan ṣoṣo, a sì lè fi í pamọ́ bí e tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú Java, méjì ni, equals pàápàá yóò sì sọ pé wọn kò bára mu. Bí a bá wá orúkọ Kẹ́hìndé nínú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lè máà rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Láti Java 6, tí ó jáde ní ọdún 2006, ni Normalizer ti wà fún àtúnṣe èyí: kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di irú kan náà, kí a tó fi wọ́n wéra. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí yọ àmì kúrò lára orúkọ ọmọ ènìyàn.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kí ọkàn ọ̀gbẹ̀rì balẹ̀. Ní ọdún 2006, Joshua Bloch, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Java, kọ̀wé pé àṣìṣe kan ti wà nínú ètò ìwákiri tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún èdè náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. A ro òǹkà méjì pọ̀, àròpọ̀ wọn lè kọjá 2,147,483,647, èyí tí int kò lè gbà kọjá. Àgbà tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní kúkúrú, ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ wí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ mọ irú àṣìṣe tí ó jẹ́. Ẹ tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sì dán an wò. Níbi tí ẹ̀rọ bá sì ti dákẹ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò ìdáhùn kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi wé tirẹ̀. Ìbáwí ẹ̀rọ kì í ṣe èébú. Lẹ́tà ni ó kọ sí wa, ẹni tí ó bá sì lè fara balẹ̀ ka ewì kan kò gbọdọ̀ sá fún un.