Fiat 500 ti Ítálì: ọkọ̀ mẹ̀kúnnù àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń wá kiri lónìí

Ẹ̀yin ènìyàn wa tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Kùtọnu àti Porto-Novo mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń pẹ́ sí i ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ọkọ̀ kékeré kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń dàgbà ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Fiat 500 ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Cinquecento, èyí tó túmọ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Oṣù keje ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ Fiat gbé e jáde ní ìlú Turin. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí nígbà náà, àmọ́ owó kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Vespa àti Lambretta ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gùn, bàbá níwájú, ìyá lẹ́yìn, ọmọ láàárín. Dante Giacosa, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà, wá ọ̀nà láti ṣe ọkọ̀ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè rà. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, sìlíńdà méjì péré ló ní, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un tutù, kò lo omi rárá. Aṣọ tó nípọn tó ṣeé ká ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀.

Ọjà rẹ̀ kò kọ́kọ́ yá. Àwọn èèyàn ní ó ti ṣe ṣákálá jù, nítorí gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé ṣí, agbára rẹ̀ sì kéré. Fiat tètè tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1975, èyí tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀.

Ẹ lè bi wá pé, bó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń wá a kiri? Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dógùn-ún, wọ́n ti di irin àlòkù. Èyí tó kù tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá kò pọ̀. Lọ́nà kejì, ọkọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé Ítálì kọ́kọ́ ní láyé wọn. Ẹni tó bá rí i, bàbá rẹ̀ ló ń rántí. Lọ́nà kẹta, kò ṣòro tún ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà.

Ní 1984, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Garlenda, ìlú kékeré kan ní agbègbè Liguria. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkọ̀ wọn jọ sí lọ́dọọdún. Ní 2017, MoMA, ilé ọnà ńlá ní New York, mú ọ̀kan wọ inú àkójọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí owó bá wà, ẹlẹ́tàn kì í jìnnà síbẹ̀. Ọ̀dà tuntun lè máa dán lójú, kí ìpáàrà sì ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà tán lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń ra Fiat 500 lásán, wọ́n á lẹ àmì Abarth, irú èyí tó ń sáré tí kò sì wọ́pọ̀, mọ́ ọn lára, wọ́n á sì tà á lówó gọbọi. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n máa ń tẹ̀ sílẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. Á wo nọ́ńbà tó wà lára bódì bóyá ó bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Á wo ilẹ̀kùn pẹ̀lú: títí di 1965, láti iwájú ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí ń ṣí, ẹ̀yìn ni ìdè rẹ̀ wà. Bí ẹnì kan bá ní ti 1960 lòun ń tà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí bíi ti ọkọ̀ òde òní, kí olùrà béèrè ìdí.

Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn jù ni pé ẹni tó ra èyí tó ti jẹrà lówó pọ́ọ́kú lè ná ju iye tí yóò tà á lọ lórí àtúnṣe. Èyí tí onílé kan ti rọra tọ́jú, tí àga rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe, ló níye lórí jù, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ há díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa náà tí a ń ra ọkọ̀ tí a sì ń tà. Ọ̀dà kì í bo ìpáàrà pẹ́. Ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, ẹ sì má ṣe sọ ìwé ọkọ̀ nù, torí ohun tí a bá tọ́jú lónìí ni ọmọ wa yóò bá lọ́la.